Ìyàtọ̀ Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ òṣìṣẹ́ owó orí, ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rí lójú inú: ó há fáìlì mọ́ abíyá, ojú rẹ̀ le koko, ó wá gba ohun tí wọn ò fẹ́ fún un. Díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ló rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ìwé kíkà. Òṣìṣẹ́ lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan jókòó ti stétímẹ́ǹtì báńkì, ìwé ọjà àti ẹ̀rọ ìṣirò kó tó fojú kan ẹni tó ni fáìlì.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà pín sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà làwọn ará ìta ń pè é. Ayẹ̀wéwò ni ẹni tó ń wádìí bóyá iye tí asanwó orí kọ sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni iye tó yẹ kó kọ. Agbowó orí ní tirẹ̀ máa ń gba fáìlì lẹ́yìn tí gbèsè ti dájú. Bí owó yóò ṣe wọlé ló kàn án. Màá pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ayẹ̀wéwò, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbèsè tí wọ́n bá ti ṣírò lódì, kò sí agbowó tó lè gbà á dáadáa.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí kò pọ̀. Nígbà tí iye méjì tó yẹ kó bára mu bá yàtọ̀ síra, ìbéèrè la rí, a ò tíì rí ìdáhùn. Ẹni tó bá sọ ìyàtọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ kó tó béèrè ohun tó fà á, bó ti wù kó mọ ìṣirò tó, kò tíì mọ iṣẹ́.

Bí fáìlì ṣe ń dé orí tábìlì

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni ìfiwéra. Agbanisíṣẹ́ ti fi iye owó oṣù ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí, báńkì ti fi iye èlé tó san ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí asanwó orí kọ, èyí tí kò bá bára mu á sì yọ síta. Àwọn fáìlì mìíràn máa ń yọ torí pé èrè wọn kéré gan-an sí ti àwọn tó ń ṣe irú òwò kan náà, tàbí torí pé ẹni náà kọ àdánù sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta léra, tí dúkìá rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ẹnì kan lè ta ọ́fíìsì lólobó. Àwọn díẹ̀ sì wà tó jẹ́ pé kèké ni wọ́n fi mú wọn, kí ọ́fíìsì lè mọ ohun tó ń lọ láàárín àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fura sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé bí fáìlì bá dé orí tábìlì, kì í ṣe ẹ̀sùn.

Ìfiwéra yìí lágbára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ìwádìí tí Henrik Kleven àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Denmark, tí wọ́n gbé jáde ní 2011, fi hàn pé ní ti owó tí agbanisíṣẹ́ tàbí báńkì ti sọ iye rẹ̀ fún ìjọba, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń fi í pamọ́. Owó tó jẹ́ pé ẹni tó gbà á nìkan ló ń sọ iye rẹ̀ ni ìfipamọ́ ti pọ̀. Ènìyàn kan náà ni o. Ẹlẹ́rìí ló ṣe ìyàtọ̀. Nítorí náà, ayẹ̀wéwò tó mọ iṣẹ́ kì í fi ọ̀sẹ̀ kan tú owó oṣù wò. Ọ̀dọ̀ owó tí kò ní ẹlẹ́rìí ló ń kọrí sí.

Kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó jáde

Ẹ má kọ lẹ́tà lọ́jọ́ tí fáìlì bá dé. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ fọ́ọ̀mù ọdún mẹ́ta síwájú, kí ẹ kọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọjà títà, ọjà rírà, owó òṣìṣẹ́, owó ilé, èlé. Ọdún kan ṣoṣo kì í sọ nǹkan púpọ̀. Fún oníṣòwò tó ń ra ọjà tà, èrè orí ọjà ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Bó bá ta ọjà 1,000, tó sì jẹ́ pé 600 ló fi ra ọjà náà, èrè rẹ̀ jẹ́ 400, ìyẹn 40 nínú 100. Bí ọdún méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ 40 àti 41, tí ọdún kẹta wá já sí 28, nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Iye tó ń ra ọjà lè ti lọ sókè kó má sì rí i fi kún iye tó ń tà á. Ọjà lè bàjẹ́, olè sì lè jí i. Ó lè máa kó lára ọjà lọ lò nílé láìkọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ó tà á, kò kàn kọ ọ́ ni. Ó sì lè jẹ́ pé nígbà tó ń ka ọjà tó kù ní ìparí ọdún ló ṣàṣìṣe.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń tan ọ̀dọ́ ayẹ̀wéwò jẹ jù. Bí a ṣe ń mọ iye tí wọ́n fi ra ọjà tí wọ́n tà ni pé ká mú ọjà tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ká fi ọjà tí wọ́n rà kún un, ká wá yọ ọjà tó kù ní ìparí. Bó bá ka ọjà tó kù ní 100 dín sí bó ṣe jẹ́, èrè ọdún yẹn á fi 100 dín kù. Ṣùgbọ́n ọjà tó kù ní ìparí ọdún yìí náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀, nítorí náà èrè ọdún tó tẹ̀ lé e á fi 100 lé sí i. Owó orí náà kò sọnù, ó pẹ́ ni. Ẹni tó bá fi 100 kún èrè ọdún àkọ́kọ́ tí kò yọ ọ́ kúrò nínú ti ọdún kejì ti gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí èrè kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iye ọjà tó parí ọdún kan ni iye tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kejì. Ìṣẹ́jú méjì ni, ó sì máa ń yanjú ohun tí lẹ́tà mẹ́ta kò lè yanjú.

Àwọn àṣìṣe kan tún wà tí nọ́ńbà fúnra rẹ̀ máa ń tú àṣírí wọn. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé méjì bá ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù, ẹ fura pé ẹnì kan ti pààrọ̀ ipò nọ́ńbà méjì: ó fẹ́ kọ 540, ó kọ 450, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 90. Bó bá fi òdo kan kún un tàbí yọ òdo kan, tó kọ 4,500 dípò 450, ìyàtọ̀ náà, 4,050, á tún ṣeé pín sí mẹ́sàn-án. Bí ìyàtọ̀ bá sì jẹ́ ìlọ́po méjì iye kan tó wà nínú ìwé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ iye náà sí òdìkejì, kí wọ́n fi kún un níbi tó yẹ kí wọ́n ti yọ ọ́. Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ó rẹ ẹni tó kọ ọ́ ni.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ìbéèrè ṣì kù, lẹ́tà lè wá jáde. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó fẹ́ ní pàtó. "Ẹ kó gbogbo ìwé yín wá" ni lẹ́tà tó burú jù lọ tí òṣìṣẹ́ owó orí lè kọ. Ẹni náà á kó àpò ìwé kan wá, ohun tí ẹ ń wá gan-an á ti kù sílé, ẹ̀yin á sì máa wẹ̀ nínú rìsíìtì fún oṣù méjì. Lẹ́tà tó dáa á sọ àkáǹtì tó kàn, oṣù tó kàn, ìlà tó kàn nínú fọ́ọ̀mù, ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kí ìwé dé, àti ìdí tí ẹ fi ń béèrè.

Ìjókòó àkọ́kọ́

Ẹ̀rù ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà lè máa sọ̀rọ̀ jù, ó sì lè dákẹ́ jù, méjèèjì sì jọ irọ́ lójú ẹni tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń wò fún un. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú akáúntáǹtì tàbí lọ́yà rẹ̀ dání. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í ní ìbéèrè tí kò ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. "Bí oníbàárà bá sanwó, ibo ni owó náà ń gbà títí tó fi dé báńkì?" Ìbéèrè kan yìí níye lórí ju ogún mìíràn lọ. Ta ló ń gba owó? Ṣé ẹni tó gbà á náà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kó o lọ sí báńkì? Bí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, ṣé inú owó ọjà ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń mú un? Ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn yìí ni yóò jẹ́ ká mọ̀ bóyá owó tó wọ báńkì lè tó owó ọjà láé.

Ibi iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Ká ní ilé ìfọṣọ kan ń lo lítà omi 60 fún ìfọ̀ kan, tí bíìlì omi sì fi hàn pé lítà 600,000 ni wọ́n lò lọ́dún náà. Ìfọ̀ 10,000 nìyẹn. Bó bá jẹ́ owó ìfọ̀ 4,000 ló wà nínú fọ́ọ̀mù, ìbéèrè ńlá dé. Àmọ́ ẹ rọra o. Wọ́n ń fi omi fọ ilẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń lo ilé ìyàgbẹ́, páìpù lè ti máa jò lábẹ́ ilẹ̀ láti oṣù méje. Ẹ béèrè ọjọ́ tí páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í jò àti ìwé ẹni tó tún un ṣe, kí ẹ wá wo bíìlì oṣù tó tẹ̀ lé àtúnṣe náà. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, omi á ti wálẹ̀ lóṣù yẹn.

Owó tó gba báńkì kọjá

Ká wá sórí ibi tí iṣẹ́ ti dùn jù, tó sì ti léwu jù. Oníṣòwò kan kọ ọ́ pé òun ta ọjà 5,200 lọ́dún. Ẹ ka gbogbo owó tó wọ àkáǹtì rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jẹ́ 9,400. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,200. Ibí yìí ni ayẹ̀wéwò tó ń kánjú ti máa ń kọ̀wé pé ọkùnrin náà fi owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Nínú 9,400 yẹn, 1,850 ni owó tó gbé láti àkáǹtì rẹ̀ kan sí òmíràn, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti kà á. 1,000 jẹ́ owó tó yá ní báńkì. Ìwé ẹ̀yáwó wà níbẹ̀. 150 jẹ́ sọ̀wédowó tí báńkì dá padà, tó tún fi sí i lẹ́ẹ̀kejì. 700 ló rí nígbà tó ta ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́. (Títa ọkọ̀ lè ní ìbéèrè owó orí tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ọjà títà.) Ó ku 5,700.

Nísinsìnyí, ẹ wo òdìkejì. Ó ti sọ fún yín ní ìjókòó àkọ́kọ́ pé òun ń mú owó nínú àpótí san owó ẹrù àti owó àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́ ojúmọ́. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé 600 ló ná bẹ́ẹ̀ láìdé báńkì. Ẹ fi kún un: 6,300. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni òtítọ́ ń dín iye kù. Ẹni tí kò fi 600 yìí kún un ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ̀ láti yọ ẹ̀yáwó.

Ó ku ohun méjì tí wọ́n máa ń gbàgbé. Owó tí oníbàárà san ní owó orí ọjà nínú, ká ní 5 lórí 100, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye tó wà nínú fọ́ọ̀mù kò ní i nínú. Ẹ pín 6,300 sí 1.05, ó di 6,000. Ìkejì ni ìgbà. 400 nínú èyí jẹ́ owó ọjà tó ti tà láwìn lọ́dún tó kọjá, tó sì ti kọ sínú fọ́ọ̀mù ọdún yẹn. Ẹ yọ ọ́. 100 jẹ́ ọjà tó tà láwìn lọ́dún yìí tí wọn ò tíì san títí ọdún fi parí. Bí ìwé rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń ka ọjà sí títà lọ́jọ́ tí oníbàárà gbé e, ẹ fi kún un. Ó di 5,700.

Ìyàtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 4,200 ti di 500. Ó lè jẹ́ pé 500 yìí gan-an ni owó tó fi pamọ́, kò sì yẹ ká fojú fo ó. Àmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbé e lọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí owó kọ̀ọ̀kan wọlé àti iye rẹ̀. Àwọn àgbà ló sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Stétímẹ́ǹtì báńkì kan ṣoṣo náà, ẹnìkan ni.

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni "owó tí mo ti tọ́jú sílé tipẹ́ ni". Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Bí ẹ ṣe ń dán an wò ni pé: láti ìgbà wo, níbo ló ti rí i, ṣé owó tó ń wọlé fún un láwọn ọdún yẹn tó ohun tó lè ṣẹ́kù bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tó fi lọ yá owó ní báńkì, tó ń san èlé, tí owó tirẹ̀ ń sùn sílé? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló máa ń tú wọn fó jù. Ní 1954, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ẹjọ́ Holland, tọkọtaya kan tó ní àwọn ti ní owó nílé kí ọdún tí wọ́n ń yẹ̀ wò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ìjọba lò níbẹ̀ ni kí wọ́n wo ohun ìní ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ní ìparí rẹ̀, kí wọ́n yọ gbèsè, kí wọ́n fi ohun tó ná lórí ìgbé ayé rẹ̀ kún un. Ilé ẹjọ́ gbà pé ọ̀nà náà bófin mu, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé iye ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ dájú, àti pé bí ẹni náà bá mú àlàyé tó mọ́gbọ́n dání wá tó ṣeé tọpasẹ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ tọpasẹ̀ rẹ̀. Bí iye ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣì, gbogbo ohun tí ẹ bá kọ́ lé e lórí á wó.

Nígbà tó bá jẹ́ èrú lóòótọ́

Èrú wà o. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó máa sọ pé kò sí. Ohun tó máa ń fi í hàn kì í sábà jẹ́ bí owó náà ṣe tó. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ la ń wá. Ìwé ìṣirò méjì fún òwò kan. Ìnfọ́ìsì tó rin 101, 102, 103 láàárín oṣù mẹ́fà, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ní òun ń tajà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún oníbàárà. Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń tà á fún ni? Rìsíìtì tí wọ́n kọ ọjọ́ ọdún méje sẹ́yìn sí, tí àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ lọ́dún tó kọjá. Iye tó ń já sí díẹ̀ báyìí lábẹ́ ibi tí ọ̀gá ti gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nọ́ńbà tí ènìyàn hùmọ̀ tún ní ìrísí tirẹ̀. Ní 1881, Simon Newcomb tó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ kíyè sí i pé nínú ọ̀pọ̀ iye tó wá fúnra rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 pọ̀ ju ti 9 lọ fíìfíì; Frank Benford tún un ṣàlàyé ní 1938. Nǹkan bí 30 nínú 100 ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, tí 9 kò sì tó 5. Ẹni tó bá ń hùmọ̀ iye máa ń pín wọn kárí jù. Ọ̀nà yìí wúlò fún mímọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ wíwò, kò wúlò fún ìdájọ́. Ṣọ́ọ̀bù tí ohun gbogbo rẹ̀ jẹ́ 99 kò ní tẹ̀ lé òfin yìí láé, olóòótọ́ paraku sì lè ni ín.

VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ní àbò kan nínú ní ti ara rẹ̀. Maurice Lauré, òṣìṣẹ́ owó orí ará Faransé, ló gbé e kalẹ̀, 1954 ni Faransé sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. VAT tí oníṣòwò tó ra ọjà fẹ́ gbà padà lọ́wọ́ ìjọba ni ẹni tó tà á fún un gbọ́dọ̀ ti san, nítorí náà ìwé ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́rìí èkejì. Ibi tí wọ́n ń gbà fọ́ ọ nìyí: ẹni tó tajà á gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà, á pòórá láìsan án, oníbàárà á sì wá gba tirẹ̀ padà lọ́wọ́ ìjọba. Ìwé gbogbo á pé pérépéré. Ẹ fi ìwé sílẹ̀, kí ẹ tọpasẹ̀ ọjà. Ilé ẹrù wo ló sùn sí? Ta ló gbé e, irú ọkọ̀ wo ni? Bó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 30 ni wọ́n kọ, tí nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà lórí ìwé sì jẹ́ ti alùpùpù, ìdáhùn ti dé.

Èrú nílò ẹ̀rí tó ju ti àṣìṣe lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá wúwo. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́ta ni ọ́fíìsì owó orí sábà ní láti fi iye kún fọ́ọ̀mù ènìyàn. Ó di mẹ́fà bí owó tí kò kọ sílẹ̀ bá ju ìdá 25 nínú 100 iye tó kọ. Bó bá jẹ́ jìbìtì, kò ní gbèdéke. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ayẹ̀wéwò bá kọ sínú ìròyìn rẹ̀ lè ṣí ogún ọdún ìgbésí ayé ẹlòmíràn sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dájọ́

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú iṣẹ́ yìí lóde òní ni pé kọ̀ǹpútà ń rí ìyàtọ̀ yá ju bí ènìyàn ṣe lè béèrè lọ. Ní Australia, ètò tí wọ́n mọ̀ sí Robodebt mú iye owó tó wọlé fún ènìyàn lọ́dún, bó ṣe wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì owó orí, ó pín in sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lọ́nà 26 lọ́gbọọgba, ó sì fi wé ohun tí àwọn tó ń gba ìrànwọ́ ìjọba sọ pé àwọn gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àṣìṣe rẹ̀: ẹni tó ṣiṣẹ́ fún ìlàjì ọdún, tó gba 2,000 lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, tí kò sì níṣẹ́ ní ìlàjì tó kù, ẹ̀rọ á sọ pé 1,000 ló ń gbà jálẹ̀ ọdún. Owó ìrànwọ́ tó gbà nígbà tí kò níṣẹ́ á wá di gbèsè. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba tó jábọ̀ ní 2023 sọ pé kò bófin mu. Ní Netherlands, ọ́fíìsì owó orí ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí tó ń gba owó ìtọ́jú ọmọ sí oníjìbìtì. Àṣìṣe kékeré nínú fọ́ọ̀mù lè mú kí wọ́n ní kí òbí dá gbogbo owó padà. Ìjọba orílẹ̀-èdè náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2021 nítorí rẹ̀. Ìṣirò tó wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ju ti ọmọ iléèwé lọ. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tó máa béèrè pé "kí ló fà á?" kí lẹ́tà gbèsè tó jáde.

Ìwé tí ayẹ̀wéwò fúnra rẹ̀ ń kọ

Ẹ kọ ohun tí ẹ wò, ibi tí ẹ ti rí i, ohun tí ẹ bá níbẹ̀, àti ibi tí ẹ parí sí, lọ́nà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mìíràn tí kò rí yín rí á ka fáìlì náà, á sì dé orí iye kan náà. Ẹ kọ ohun tó gbe ẹni náà síbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí i pé ó ti san ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kọ ọ́, ẹ sọ fún un, ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè. Ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbà ni iye tó tọ́, kì í ṣe iye tó pọ̀ jù.

Agbowó

Fáìlì ti wá kọjá sọ́dọ̀ agbowó, ìbéèrè ibẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ẹnì kan jẹ àti ohun tó lè san kì í ṣe ọ̀kan náà. Gbèsè tuntun ló rọrùn láti gbà jù. Ìpè tẹlifóònù kan lọ́sẹ̀ kejì lè ṣe ohun tí ìwé ilé ẹjọ́ ò lè ṣe lọ́dún kẹta, torí nígbà yẹn owó ti lọ, ẹni náà lè ti kó lọ, èlé á sì ti gun gbèsè lórí.

Bí kò bá lè san an lẹ́ẹ̀kan, ẹ jókòó ti ohun tó ń wọlé fún un àti ohun tó ń jáde. Ká ní 900 ń wọlé lóṣù, ilé, oúnjẹ, ọkọ̀ àti oògùn gba 780. Ó ku 120. Agbowó tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á ní kó máa san 120. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àdéhùn á bàjẹ́, torí owó orí ọdún tí a wà yìí ṣì ń bọ̀, ó sì yẹ kó máa fi 70 pa mọ́ dè é lóṣooṣù. 50 ni àdéhùn tó máa dúró. Ó kéré lójú ọ̀gá, mo mọ̀, àmọ́ 50 tó ń wọlé fún ọdún mẹ́ta sàn ju 120 tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ẹni tí wọ́n gbà láyè láti san gbèsè àtijọ́ pẹ̀lú owó tó yẹ kó fi san tọdún yìí kò kúrò nínú gbèsè, ó kàn ń pààrọ̀ ọdún ni.

Ẹni tó yọ owó orí kúrò nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, tàbí tó gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà, tí kò fi ránṣẹ́, tirẹ̀ yàtọ̀. Owó yẹn kì í ṣe tirẹ̀ rí. Òun ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé, kí ẹ sì lé e kíákíá, torí oṣooṣù ló ń pọ̀ sí i.

Agbára wà lọ́wọ́ agbowó: ó lè fi àmì gbèsè sórí dúkìá kó má bàa rọrùn láti tà á láìsan gbèsè náà, ó lè gbà á láti báńkì, ó lè gbà á lára owó oṣù, ó sì lè lu dúkìá ní gbàǹjo. Gbàǹjo ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ọjà gbàǹjo kì í mú iye tó tó iye rẹ̀ wá, owó ọkọ̀ àti owó ìpamọ́ á tún jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ aránṣọ ti gba owó ọjọ́ kan, ó sì ti pa owó ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kò gba ká fi bò. Kì í sábà dé gẹ́gẹ́ bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bùn kékeré, owó ọkọ̀, "ẹ fi jẹun ọ̀sán" ló máa ń bá wọlé. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àní owó orí tó jẹ gan-an, bí kò bá sí rìsíìtì tó ní nọ́ńbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó san án sí báńkì. Ẹ má dá lọ sí ilé tàbí ibi iṣẹ́ asanwó orí, ẹ lọ ní méjì. Bí fáìlì ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí ẹni tí ẹ ní ìjà pẹ̀lú bá dé, ẹ kọ̀wé dá a padà lọ́jọ́ náà. Ohun tí ẹ bá sì kà nínú fáìlì ẹlòmíràn, ẹ má sọ ọ́ nílé.

Ìwé kan ló kù tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì máa ń fi falẹ̀: lẹ́tà tó sọ pé àyẹ̀wò ti parí, kò sí ohun tó yí padà. Ìlà mẹ́ta péré ni. Ẹni tó ń retí rẹ̀ kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ tí lẹ́tà àkọ́kọ́ ti dé, kò sì lè ra ẹ̀rọ tuntun tàbí gba òṣìṣẹ́ kan síṣẹ́ títí yóò fi rí i. Ọjọ́ tí ẹ bá pa fáìlì náà dé ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́.